Ẹ sọ ọ́ kó yé màámi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan ju ohùn kan sórí WhatsApp ẹbí wa: òkè ayọnáyèéfín wà lábẹ́ ìsun omi gbígbóná Ìkògòsì, ó sì máa tó bú gbàmù. Kílẹ̀ tó ṣú, màámi ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Nígbà kẹta, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù. Ó dùn mí wọra.

Mo ní, "Màámi, omi òjò ni. Ó ń gba ojú sánsán àpáta wọlẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó bá jìn máa ń gbóná, ibẹ̀ ni omi náà ti ń móoru kó tó tún sun jáde. Kò sí òkè ayọnáyèéfín kankan níbẹ̀."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa láti ọjọ́ yìí?"

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Ní 1985, ní Kòlóḿbíà, àwọn onímọ̀ ti ya àwòrán ibi tí ẹrẹ̀ máa gbà tí òkè Nevado del Ruiz bá bú. Ìlú Armero wà lójú ọ̀nà ẹrẹ̀ náà. Àwòrán wà nílẹ̀, àwọn ará ìlú ò kúrò, ẹ̀mí tó lé ní 20,000 ló bá a lọ. Ní Pinatubo ní Philippines ní 1991, ẹ̀rọ ń gbọ́ bí inú òkè ṣe ń mì, wọ́n ń wọn gáàsì imí ọjọ́ tó ń tú jáde. Àmọ́ wọ́n tún gbé fídíò lọ han àwọn aláṣẹ àtàwọn ará ìlú, kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tí eérú gbígbóná ń ṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti kúrò kí òkè náà tó bú ní June 15.

Ìmìtìtì ilẹ̀ le ju ìyẹn lọ. Kò sẹ́ni tó lè dá ọjọ́ rẹ̀. Tó bá ti mì ni ẹ̀rọ máa ń sọ ibi tó ti wá: ìgbì kan á kọ́kọ́ dé, òmíràn á tẹ̀ lé e, bí mànàmáná ṣe ń ṣíwájú àrá, àlàfo àárín wọn ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe jìnnà tó. Ilẹ̀ wa náà ti mì rí, ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ní Mpape l'Ábùjá ní 2018.

Ẹ̀yin onímọ̀ ilẹ̀ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ wá sórí rédíò Èkìtì kẹ́ ẹ fi Yorùbá sọ ọ́. Èyí tẹ́ ò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ àná, màámi fi ohùn tiwọn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí: "Omi òjò ni o. Ó lọ yáná nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni, ó wá ń padà bọ̀."