Ilé Là Á Wò Ká Tó Sọmọ Lórúkọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilé Ìwé Abà

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìdílé ọdẹ ló ń sọmọ ní Ọdẹ́wálé, ìdílé onílù ló ń jẹ́ Àyánwálé. Ẹni bá gbé ọ̀kan fún èkejì ò wolé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé ìwé. Èyí tó bá Mọ́kọ́lá nígboro mu lè má bá abà kan lẹ́yìn Ìjàyè mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Ìbàdàn kan náà ni méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé ti pẹ́ nílẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tó fi Ìbàdàn yìí ṣe olú ìlú, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2004 sọ ọdún 9 àkọ́kọ́ nílé ìwé di ọ̀fẹ́ àti dandan. Síbẹ̀ àga ṣófo lábà. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ kọ́ kíláàsì fún abà tó ra búlọ́ọ̀kù kan, kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé rẹ́jísítà wá.

Ẹ ṣí rẹ́jísítà ilé ìwé tó wà nítòsí ọjà ọrọọ̀rún, èyí tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin (ó di márùn-ún bí a bá ka ọjọ́ ọjà méjèèjì). Lọ́sẹ̀ kan, àwọn tí kò wá á pọ̀ lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì. Lọ́sẹ̀ kejì, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀kẹta, Ọjọ́rú. Ẹ̀kẹrin, Ọjọ́bọ̀. Olùkọ́ tó tìgboro wá á ní ará oko ò ka ìwé sí. Irọ́ ni, ọjà ni wọ́n lọ ná. Ọjà ọrọọ̀rún kì í bá ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje rìn, ńṣe ló ń sún kiri. Nínú ọjọ́ 20 tí ilé ìwé ń ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ 5 ló máa bá ọjà pàdé. Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ ru gàrí lọ, tàbí tó jókòó ti àbúrò sílé, ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìṣirò ló máa kọ́kọ́ tú u fó: bí kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ àyọkúrò, kò sí bó ṣe máa lóye pípín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí baálẹ̀, ìyálọ́jà, aṣojú òbí àti ọ̀gá ilé ìwé jókòó kí sáà tó wọlé, kí wọ́n fi ọjọ́ ọjà sínú kàlẹ́ńdà. Lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má kọ́ ohun tuntun. Ìwé kíkà àti àtúnyẹ̀wò láti aago méje àbọ̀ sí mẹ́wàá ti tó. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà sí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ o. Ọ̀gá tó bá dá a ṣe, tí alábẹ̀wò bá wá bá kíláàsì tó ti tú ká, òun nìkan ni yóò gba kúẹ́rì.

Ọ̀nà ló kàn. Orí ọ̀kadà ni wọ́n ti sábà máa ń wọn ọ̀nà, ọ̀kadà kì í sì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ bá ọmọ fẹsẹ̀ rìn ín, lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́ẹ̀kan lóṣù Kẹsàn-án tí odò kún. Igi ọ̀pẹ méjì ni wọ́n máa ń tẹ́ ṣe afárá, inú sì ni igi ọ̀pẹ ti ń jẹrà. Ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì le gbandi. Ẹ fi èkù àdá kàn án: bó bá dún bíi pé inú rẹ̀ ṣófo, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ọparun ṣe ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó má ga ju àyà ọmọ lọ, nítorí èyí tó bá èjìká àgbà dọ́gba, ọwọ́ ọmọ ò ní tó o. Bí odò náà bá le jù, ẹ jẹ́ kí kíláàsì kìíní sí ìkẹta wà lódì kejì, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, kí àwọn àgbà ọmọ nìkan máa sọdá.

Olùkọ́ tó ń ti Ìwó Róòdù nígboro wá lójoojúmọ́ ń fi owó oṣù wọ ọ̀kadà ni. Á dé laago mẹ́wàá, ojú rẹ̀ á sì ti wà lọ́nà ní aago méjìlá. Ẹ má bú u. Ẹ kọ́ yàrá kan àti pálọ̀ fún un, pẹ̀lú omi àti ilé ìgbẹ́, kí ẹ tó ronú kan kíláàsì mìíràn. (Ilé olùkọ́ kì í ní ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ sí gàdàgbà, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́pọ̀.)

Bí ọmọ bá jẹ́ 30 sí 40, tí olùkọ́ jẹ́ méjì, ẹ má pín wọn sí kíláàsì mẹ́fà. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà mẹ́rin kà ní Yorùbá. Àwọn tí kò mọ lẹ́tà, àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń ka gbólóhùn: ẹgbẹ́ mẹ́ta nìyẹn. Bí olùkọ́ bá ń kọ́ ẹgbẹ́ kan fún ìṣẹ́jú 30, ẹgbẹ́ kejì á máa kọ iṣẹ́, ẹgbẹ́ kẹta á máa kàwé pẹ̀lú ọmọ àgbà kan. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi Gẹ̀ẹ́sì dẹ́rù bà yín. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970 fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ti ọmọ gáà Fúlàní tí kò tíì gbọ́ Yorùbá yàtọ̀: ẹ mú ọmọ gáà kan tó gbọ́ Yorùbá jókòó tì í ní oṣù àkọ́kọ́. Tó bá kan pátákó ìkọ̀wé, ọ̀dà tó ń dán kò dáa fún un, ẹfun máa ń yọ̀ lórí rẹ̀, ọmọ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ò sì ní rí nǹkan kan bí kò ṣe ìtànṣán.

Ó ku àwọn ọmọbìnrin tó ti ń bàlágà. Ilé ìgbẹ́ tiwọn gbọ́dọ̀ dá wà, kí ìdè ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà nínú, kí garawa omi má wọ́n níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sí lápò ọ̀gá ilé ìwé, nítorí lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá lọ ìpàdé, ilé ni ọmọ máa gbà lọ, ó sì lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó padà.