Ẹ má gbé géètì síwájú agbo ijó Ọ̀yọ́

Tó o bá sọ fún ọlọ́kadà l'Ọ́yọ̀ọ́ pé kó gbé ẹ lọ sí páàkì, gáréèjì ló máa já ẹ sí, á tún bi ẹ́ pé ṣé mọ́tò Ìbàdàn lo fẹ́ wọ̀ ni àbí t'Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Ibi tí mọ́tò ti ń kó èrò là ń pè ní páàkì lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe ibi téèyàn ti lè tẹ́ ẹní sábẹ́ igi kó máa wo ọmọ ẹ̀ bó ṣe ń sáré kiri. Irú ibi ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀ la nílò. Ṣé ẹ wá rí i, ọ̀rọ̀ kan ń lọ nígboro báyìí, pé ó yẹ kí Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ kan lọ́dún tí tọmọdé tàgbà á jáde sí pápá gbangba wá jó, bàtá o, dùndún o, fújì o, ijó àwọn ọmọ ìwòyí o, gbogbo ẹ̀ pátá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ wa gan-an. Ibi tá a ti fajú ro ni ibi tí àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Èrò tiwa nìyí, láì fọ̀rọ̀ gùn. Kí káńsù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú ìlú, Àtìbà, Ìlà Oòrùn Ọ̀yọ́ àti Ìwọ̀ Oòrùn Ọ̀yọ́, dáwó jọ, kí wọ́n ṣí pápá Dọ́bà sílẹ̀ gbayawu, kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wá wòran tàbí ẹni tó wá jó, kí wọ́n sì ti sanwó onílù kó tó gbé ìlù kọ́rùn. Méjèèjì yìí ò ṣeé yà sọ́tọ̀. A ti mọ ìwà ara wa, tá a bá ti ní nǹkan jẹ́ ọ̀fẹ́, owó ẹni tó ṣiṣẹ́ ẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ gbàgbé, wọ́n á ní bàbá ẹ bá wa lù ú, ti ìlú ni. Ṣé bàbá onílù ò lọ́mọ nílé ìwé ni?

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tá a rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọdún Ṣàngó, nítòsí ọjà Àkẹ̀sán, onílù bàtá kan jókòó sórí àpótí, ó ń fi àtàǹpàkò lẹ ìda mọ́ ojú òjò, ojú ńlá, ìyáàlù ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbá a, ó dẹtí sí i, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bu díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó tún gbá a. Ọmọ tó jókòó tì í, kò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ, ti mú bílálà, awọ tí wọ́n fi ń lu bàtá, lọ́wọ́, ojú ń kán an. Nígbà tí omele, ìlù kékeré, bẹ̀rẹ̀ sí í ta kíjikíji, ìyá oníwàrà kan tó ń kọjá lọ dúró kó kàn wò wọ́n fìrí. Igbá ṣì wà lórí ẹ̀ o. Kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ejìká nìkan ló fi ń dá ìlù lóhùn, ejìká ọ̀tún, ejìká òsì, ọrùn ò mì, wàrà ò dà, làwọn èèyàn bá hó yèè, ọlọ́kadà dúró, àwọn ọmọ ilé ìwé dúró, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ fi ọmọ ẹ̀ ti ọjà ó sáré wá, ká tó ṣẹ́jú pẹ́ agbo ti yí ká. Bàbá kan tó wọ agbádá kọjá láàárín èrò, ó lẹ igba náírà méjì mọ́ onílù níwájú orí, ó jó díẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń sanwó ijó ìta nìyẹn látìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹni tó bá ní á ná an, ẹni tí ò ní á pàtẹ́wọ́, onílù á mú tiẹ̀ lọ sílé, kò sì sẹ́ni tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà pé mú owó wá kó o tó wọlé. (Ẹ̀yin EFCC, ẹ jọ̀ọ́, a ò mọ orúkọ bàbá yẹn o.) Àwàdà kọ́. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 sọ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà lóde àríyá lè ṣẹ̀wọ̀n, ọ̀pọ̀ èèyàn ò ka òfin yẹn sí, àfìgbà tó di 2024 tí EFCC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn lọ sí kọ́ọ̀tù, tí adájọ́ sì ju ìlúmọ̀ọ́ká kan sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Láti ìgbà yẹn olówó ń wẹ̀yìn wò kó tó kọwọ́ bàpò. A ò sọ pé òfin ò dáa, owó tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn dùn wá náà. Àmọ́ ẹnu onílù ni wọ́n ti já oúnjẹ, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló máa wá máa jẹ. A ti rí èyí tó kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára ìlù, tó so ó mọ́ àárín ṣaworo, ẹni tó bá fẹ́ ṣe dáadáa sí i kó fi fóònù ṣe é. Ó pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì tún ṣe wá láàánú. Ìdí rèé tá a fi ń sọ pé tí ìjọba bá ti gba owó kúrò níwájú orí onílù, kí ìjọba náà wá sanwó ẹ̀ látinú bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní kì í ṣe torí owó, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà péré ni, pé kí àwọn ọmọ ìta má bàa ya bo ibẹ̀. Ọmọ ìta wo ni ò lè rí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà? Àwọn gan-an ló máa kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á tún máa ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì. Ẹni tí ò ní rí i san ni ìyá oníwàrà yẹn, ọmọ iṣẹ́ télọ̀, ọmọ tó ń fẹ́ táyà lẹ́bàá títì. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, òun àti àwọn ọmọ ẹ̀ ti di ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ kí wọ́n tó débi tí wọ́n ti ń ta omi. Kò ní wá. Àwọn tó máa kù nínú pápá ni àwọn tó fẹ́ jókòó, àwọn tó fẹ́ jó á wà níta. Tó bá jẹ́ ààbò ló ń jẹ yín lọ́kàn, Amọ̀tẹ́kùn wà, sífù dìfẹ́ńsì wà, àwọn ọdẹ àdúgbò tó mọ ọmọ lágbájá yàtọ̀ sí ọmọ tàmẹ̀dò wà, ẹ pè wọ́n.

Wọ́n tún ń fi Àgódì n'Ibàdàn ṣe àpèjúwe, pé owó là ń san ká tó wọlé níbẹ̀ kò sì sẹ́ni tó kú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọgbà ìgbafẹ́ nìyẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí i, igi àti koríko tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀ ń jẹ owó. Ijó ọjọ́ kan lórí ilẹ̀ gbangba kọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tó tún ń sọ pé nǹkan ọ̀fẹ́ kì í pẹ́, ẹ wo New York tí gbogbo nǹkan ti wọ́n bí ojú. Ẹgbẹ́ oníjó kan tó ń jẹ́ Battery Dance ti ń gbé ijó jáde síta lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀ láti 1982, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, nínú ọgbà ìgbafẹ́ létí omi, ẹni tó bá kọjá lè dúró wò ó, oníjó ilẹ̀ òkèèrè àti tilé ni wọ́n ń pè, owó tí wọ́n fi ń ṣe é ń wá láti ọwọ́ ìjọba àti àwọn tó ń ṣe ìtọrẹ. Ó ti lé lógójì ọdún. Tí ìlú tí wọ́n ti ń sanwó torí pé o gbé mọ́tò síbì kan bá lè ṣe é, kí ló dé tí Ọ̀yọ́ ò ní lè ṣe é?

Àbí ẹ ti gbàgbé ẹni tá a jẹ́ ni. Eégún aláré tá à ń pè ní apidán, àwọn alárìnjó, ọ̀dọ̀ ọba Ọ̀yọ́ Ilé ni wọ́n ti jáde kí wọ́n tó máa ti ìlú dé ìlú, òde gbangba ni wọ́n ti ń ṣeré. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà sọ Àgọ́ Ọ̀jà d'Ọ̀yọ́ láyé ogun, kì í ṣe adé nìkan ló kó dé, ó kó onílù dé pẹ̀lú. Ọba Lámídì Adéyẹmí Kẹta tó wàjà lóṣù kẹrin 2022, ta ni ò mọ̀ pé bàbá mọ ijó í jó, pé tí ìyáàlù bá pe oríkì bàbá, ẹsẹ̀ á dáhùn kẹ́nu tó sọ̀rọ̀? Ní 2023 UNESCO kọ ọdún Ṣàngó Ọ̀yọ́ sínú ìwé àwọn àṣà tó jẹ́ ti gbogbo ayé, a yọ̀, a gbé e sórí Facebook, a dákẹ́. Kí la tún ṣe lẹ́yìn ẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó mú bílálà yẹn ńkọ́, ibo ló ti máa lù ú fún ẹgbẹ́ ẹ̀ wò tí kì í ṣe ìdí ọdún òrìṣà?

Ibẹ̀ yẹn ló ń kan àwọn pásítọ̀ àti àfáà wa lára, a ò fẹ́ fojú pa á rẹ́. Wọ́n ní bàtá, ti Ṣàngó ni, kí ọmọ àwọn má lọ jó ijó òrìṣà. A gbọ́. Àmọ́ gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì tipẹ́, fújì tí gbogbo wa ń jó, inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn mùsùlùmí sáàrì ló ti jáde. Ẹni tí ò bá fẹ́ jó bàtá, kó dúró de dùndún. Pápá náà fẹ̀. Àwọn ará Sábó náà á gbé tiwọn wá, àwọn ọmọ yunifásítì á gbé tiwọn wá. Ọdún Ṣàngó ní àwọn tó ni ín, ààfin sì mọ bó ṣe ń ṣe é, ọjọ́ ijó tá à ń sọ yìí ò fẹ́ gbapò ẹ̀.

Àwọn ọmọ ìwòyí gan-an ló wù wá jù níbẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ta ẹsẹ̀ nínú fídíò TikTok, tí wọ́n gbé fóònù ti ògiri, tí wọ́n ń jó fún ara wọn nínú yàrá. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń jù nínú ijó sáńkù yẹn, ká ní onílù bàtá wà níbẹ̀, á kàn máa rẹ́rìn-ín ni, torí ó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó wọn pàdé lórí ilẹ̀ kan náà. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí omele bá ń dá ẹsẹ̀ wọn lóhùn, tí kì í ṣe orin tó ti wà nínú fóònù tẹ́lẹ̀ tí kò lè yí padà fún wọn.

Owó ńkọ́? Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù. Ẹ̀yin alága mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti ń sọ látẹ̀yìn wá pé ẹ ò rówó gbá mú, ẹjọ́ yín ti gbè yín. Ọ̀nà, omi àti ilé ìwòsàn ló ṣáájú, àwa náà ò ya wèrè. Àmọ́ owó awọ ewúrẹ́, owó igi apá, owó ọkọ̀ onílù láti ilé dé Dọ́bà, àti owó iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan, tí mẹ́ta bá pín in láàárín ara wọn, kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ àti oúnjẹ tí wọ́n ń ná síbi ayẹyẹ tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀rọ omi kan. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì lórúkọ ẹ̀, owó onílù, kí wọ́n má fi pamọ́ sábẹ́ owó "oríṣiríṣi".

Ohun kan wà tí a ò ní gbà o. 2027 ń bọ̀, a mọ bí nǹkan ṣe ń rí. Wọ́n á gbé bánà tó tóbi ju ilé lọ wá, ojú ọnọrébù mẹ́rin lórí ẹ̀, oníjó kankan ò ní sí níbẹ̀. Wọ́n á wá gbé kánópì kalẹ̀ síwájú, wọ́n á to àga aláwọ̀ funfun síbẹ̀ pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù, VIP, agbo á wá fọ́ torí pé ojú kan ni onílù gbọ́dọ̀ kọjú sí. Agbo yípo ni, kò ní iwájú. Ẹni tó bá ń jẹ́ ọnọrébù kó wá dúró láàárín èèyàn, tó bá mọ ijó kó jó. Kí wọ́n sì fi sípíkà sílé. Sípíkà ńlá mẹ́jọ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń bú lẹ́yìn, ta ló máa gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń sọ? Tí èrò bá pọ̀ jù, ẹ ṣe agbo mẹ́ta, mẹ́rin.

Ó kù díẹ̀ tó jẹ́ ti ìnáwó kékeré. Inú ọyẹ́ ló dáa jù, láàárín Kérésì sí ọdún tuntun, tí àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti Àbújá ti dé sílé, kò sí òjò, kó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kó sì parí kílẹ̀ tó ṣú, kò ní la iná lọ. Kí wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, tọkùnrin lọ́tọ̀, tobìnrin lọ́tọ̀, torí a ti lọ síbi tí wọ́n ti pe ẹgbẹ̀rún èèyàn jáde láì ronú ibi tí wọ́n á ti tọ̀, obìnrin ló jẹ ìyà ẹ̀ jù. Kí wọ́n da omi sí ilẹ̀ kí eruku tó sọ. Kí wọ́n má gba owó ọjà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Kí wọ́n sì to tábìlì mélòó kan sẹ́bàá agbo, kí ìyá oníwàrà lè ríbi gbé igbá ẹ̀ lé.