Kí Ọwọ́ Tó Tẹ Èèkù Idà

Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Mi ò mọ òwe mìíràn tí àwa èèyàn fi ń pa ara wa lẹ́nu mọ́ tó èyí. Ọ̀gá ń rẹ́ni jẹ, ẹnì kan ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀, àgbà kan á wúkọ́, á pa á. Bàálé ń fìyà jẹ ìyàwó àtọmọ, wọ́n á pa á. Tí wọ́n bá sì ti pa á tán, gbogbo ilé á dákẹ́, oníkálukú á wọlé lọ sùn.

Bàbá mi kì í pa á bẹ́ẹ̀. Tó bá dé ibi "tíì" yẹn, á tẹ ohùn mọ́ ọn, á wò wá lójú. Mo ti dàgbà kí n tó mọ ohun tó ń wí. Òwe náà kò ní ká má bèèrè. Ó ní kò tíì yá. Ohun tí kò tíì yá ń bọ̀ wá yá nìyẹn, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́nà ibi tí idà wà. Ẹni tó ká ọwọ́ sẹ́yìn kò sí nínú òwe yìí rárá, torí kò dúró de nǹkan kan.

Eré Amẹ́ríkà kan ló dá mi padà sórí ọ̀rọ̀ bàbá mi. The Walking Dead lorúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n AMC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sáfẹ́fẹ́ ní October 31, 2010, ó sì di sáà 11 kó tó parí ní November 2022. Ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n ti yà á. Àrùn kan ló gbòde: ẹni tó bá kú á dìde, á máa wá ẹran ara alààyè jẹ. Àwọn kan nínú wa ń pe irú wọn ní àkúdàáyà, mi ò gbà. Àkúdàáyà tiwa á lọ sí ìlú mìíràn, á fẹ́yàwó, á bímọ, á máa ṣòwò; ó ṣì ní èrò nínú, ó ṣì ní ìtìjú tó ń lé e sá bó bá fojú kan ará ilé rẹ̀. Tiwọn yìí, ebi nìkan ló kù nínú rẹ̀. Òkú tó ń rìn ni màá pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré náà fi dé sáà keje, òkú kọ́ ló ń dẹ́rù bani jù mọ́. Èèyàn ni. Negan lorúkọ rẹ̀, Jeffrey Dean Morgan ló ṣe é.

Òfin Negan kò le láti há sórí: ìdajì ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ní, tòun ni. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń pe ara wọn ní Olùgbàlà. Lálẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ ká Rick, olú ẹ̀dá ìtàn eré náà, àtàwọn èèyàn rẹ̀ mọ́ inú igbó, ó ní kí wọ́n kúnlẹ̀, ó fi igi béèsìbọ́ọ̀lù tó fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún wé fọ́ Abraham, ọ̀kan nínú wọn, lórí. Daryl, ọ̀kan nínú wọn náà, kò lè mú un mọ́ra, ó fò dìde, ó gbá Negan lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Negan kò pa Daryl. Glenn ló yíjú sí, ọkọ Maggie, tí Maggie sì ń ru oyún rẹ̀ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá gba ìṣákọ́lẹ̀ ní Alexandria, ìlú kékeré tí Rick ń darí. Wọ́n kó gbogbo ìbọn. Wọ́n kó fóòmù orí ibùsùn náà. Michonne, ọ̀kan nínú àwọn èèyàn Rick, bá àwọn fóòmù yẹn lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ti dáná sun wọ́n, èéfín ṣì ń rú. Ọkàn mi kò kúrò níbi èéfín yẹn fún ọjọ́ mélòó kan. Fóòmù kọ́ ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà mọ ẹni tó ni òun.

Ìpín kẹjọ sáà keje náà, èyí tó jáde ní December 11, 2016, ni mo fẹ́ ká wò dáadáa. Rick ti lọ wá ẹrù tí yóò san. Negan ti wà nínú ilé rẹ̀, ó fá irùngbọ̀n, ó se sùpàgẹ́tì, ó jókòó ti àwọn ọmọ Rick bí ẹni tó ni wọ́n. Spencer, ọmọ ìlú yẹn kan náà, gbé ọtí wá fún un. Wọ́n gbé tábìlì súnúkà sí àárín títì, wọ́n ń ta á. Spencer ní Rick kì í bá èèyàn gbé ní ìrọ̀rùn, kí Negan pa á, kó fi òun jẹ. Negan dá a lóhùn pé Rick kórìíra òun tọkàntọkàn, síbẹ̀ ó ń gbé ìkórìíra náà mì kí èèyàn rẹ̀ má baà kú sí i. Ó ní, "Ìwọ wá dúró dìgbà tí kò sí nílé." Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó ya ikùn Spencer. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde ò lè pani, àmọ́ ẹ kíyè sí i pé tòde náà kì í fọkàn tán ikú ilé tó wá bá a.

Rosita, ọ̀kan nínú àwọn èèyàn Rick, dúró níbẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ kan wà lára rẹ̀, ọta kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, òun ló sì fipá mú Eugene, ọ̀kan nínú wọn, láti ṣe ọta náà. Abraham tí wọ́n fọ́ lórí ti jẹ́ olólùfẹ́ Rosita rí. Ó fa ìbọn yọ, ó yìn ín. Igi tó wà lọ́wọ́ Negan ni ọta bà. Wọ́n gbé Rosita lulẹ̀, wọ́n fi ọ̀bẹ sí i lójú, Negan sì ní kí ọmọbìnrin ẹ̀yìn rẹ̀ kan pa ẹnikẹ́ni tó bá wù ú. Olivia ló yìnbọn fún. Olivia ló ń ṣírò oúnjẹ ìlú, òun ló ń bá wọn gbé ọmọ ọwọ́ Rick. Kò mọ nǹkan kan nípa ìbọn náà.

Mi ò ní bú Rosita. Òkú rẹ̀ ni, ìbéèrè rẹ̀ sì tọ́. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà ni kí ẹ wò: ojú idà ló dì mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Daryl lálẹ́ ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ẹni tó bèèrè yè, ẹlòmíì ló kú. Ọgbọ́n ìkà nìyẹn, ó sì pẹ́ kó tó yé mi. Ìkà tó mọṣẹ́ kì í jẹ ẹni tó dìde sí i níyà. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ló máa ń jẹ níyà, kí gbogbo ilé lè máa bínú sí ẹni tó dìde, kí wọ́n gbàgbé ẹni tó mú kùmọ̀ dání.

Mo rí i níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe rí. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ nínú owó wa, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ọ̀kan nínú wa dìde nípàdé, òun nìkan, ó bèèrè. Wọn ò lé e. Owó àṣekún gbogbo wa ni wọ́n dá dúró lóṣù yẹn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, a ti yẹra fún un níbi oúnjẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé pé òun ń lọ, lọ́jọ́ tó sì ń kó ẹrù rẹ̀, èmi ni mo pa òwe èèkù idà fún un. Mo pa á bí àwọn tí mo ń bá wí lókè yìí ṣe ń pa á. Ọdún méjì la tún lò níbẹ̀. A kò tọ́jú ìwé owó-oṣù wa, a kò jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a kò wá ẹni tó mọ òfin. Sùúrù la pè é. Ó ń dùn mí di òní.

Rick náà ń pe tiẹ̀ ní sùúrù. Ó ti ka ìbọn, ó ti ka èèyàn, ìṣirò kò bá a mu, ó tẹríba. Michonne kò tẹrí ba. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn Olùgbàlà, ó ní kó wa òun lọ sí ọ̀dọ̀ Negan, ibẹ̀ ló ti fojú ara rẹ̀ rí i pé wọ́n pọ̀ ju bí gbogbo wọn ṣe rò lọ. Kò fi bò fún Rick. Ó sọ fún un pé wọ́n pọ̀, ó sì sọ fún un pé àwọn ṣì wà láàyè, pé láàyè tí àwọn wà yẹn ni kí àwọn fi jà, lápapọ̀. Ẹni tó ní ká dìde láìka iye ọ̀tá kò ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó ka iye ọ̀tá tán tó wá lọ sùn, kò ràn wá lọ́wọ́ náà.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ibí ni òwe méjèèjì ti pàdé fún mi. Alexandria ní ìbọn púpọ̀ kí Negan tó dé, kò gbà wọ́n. Èèkù tí wọn kò ní ni ọwọ́ ẹlòmíì. Láàárín àkókò yìí, ẹnì kan tó wà nínú ilé Negan ti bébà kékeré sábẹ́ ilẹ̀kùn Daryl tí àwọn Olùgbàlà há mọ́, pé kó lọ báyìí. Lọ́dọ̀ Ezekiel, ọba ìlú mìíràn, ọmọ ogun rẹ̀ kan, Richard, ń bẹ Carol àti Morgan, àwọn èèyàn Rick tẹ́lẹ̀, pé kí wọ́n bá òun mú ọba wọn wọ ogun, wọ́n sì kọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀bẹ̀ ló ń wọlé lọ́jọ́ kìíní. Rick àtàwọn rẹ̀ kọjá sí Hilltop, ìlú tí Negan ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ tiwọn náà. Maggie wà níbẹ̀. Daryl yọ láti ẹ̀yìn, ó dì mọ́ Rick, ó sì fi ìbọn ìléwọ́ Rick tí àwọn Olùgbàlà ti gbà lọ lé e lọ́wọ́. Gbogbo wọn wá jọ rìn lọ síbi ilé ńlá tó wà níwájú wọn, kí wọ́n tó bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ìwọ tí wọ́n ń jẹ níyà níbì kan lónìí, tí wọ́n sì ń pa òwe yìí fún ọ, má bá wọn jiyàn. Gbà á. Lẹ́yìn náà kí o bi wọ́n pé, níbo wá ni ọwọ́ wa dé? Ta la ti bá sọ̀rọ̀? Kí la ti kọ sílẹ̀? Ta ló wà nínú ilé wọn lọ́hùn-ún tó lè ti bébà sábẹ́ ilẹ̀kùn? Ẹni tí kò bá rí èsì fún ọ, sùn ló fẹ́ sùn.

Eugene tí Negan gbé lọ lọ́jọ́ tí Olivia kú nítorí ọta kan ṣoṣo ni wọ́n sọ di ẹni tó ń ṣe ọta fún gbogbo ọmọ ogun Olùgbàlà. Ní April 15, 2018, níbi tí sáà kẹjọ parí sí, wọ́n tò lórí òkè, wọ́n yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ìbọn náà sì bú gbàmù mọ́ wọn lọ́wọ́. Eugene ti ba ọta náà jẹ́. Ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ tẹ èèkù. Rick fi ohun mímú ya Negan lọ́fun, ó tún ní kí dókítà tètè rán an kó má baà kú, pé ẹ̀wọ̀n ni yóò lọ. Ó ní ìdí tirẹ̀, mo sì gbọ́ ọ yé.

Ṣùgbọ́n "baba ẹni" ni òwe wí. Maggie wà níbẹ̀, ó ń ké, ẹnì kan sì dì í mú. Ọdún díẹ̀ ṣáájú, ìkà mìíràn tí wọ́n ń pè ní Gómìnà ti fi idà, idà Michonne gan-an, bẹ́ bàbá rẹ̀ lórí níṣojú rẹ̀. Negan ti fi igi fọ́ ọkọ rẹ̀ lórí níṣojú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wá lè bèèrè, Rick bèèrè, Rick sì fún ara rẹ̀ lésì. Kò sẹ́ni tó bi Maggie.