Kì Í Ṣe Kẹ̀kẹ́ Márúwá, Mọ́mì

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, ọdún 11 tí mo ti ń gbé Peckham yìí, mi ò mọ Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ńbà bọ́ọ̀sì ni mo mọ̀. 12 ń lọ Oxford Circus, 36 ń lọ Victoria, 63 ń lọ King's Cross, tẹ́ ẹ bá ti bi mí pé kí ló wà láàárín, ìjà lẹ wá. Bí adìẹ inú àgò ṣe mọ ọ̀nà Ìbàdàn ni mo ṣe mọ ìlú yìí: wọ́n gbé e wọ mọ́tò, wọ́n gbé e sọ̀, ó dé.

Aládùúgbò wa kan, ará Póláǹdì, ló ń kó lọ tó ní kí n wá mú kẹ̀kẹ́ òun. Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Mo ti gbé e wọlé kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo wá lọ ṣe àṣìṣe, mo sọ fún mọ́mì mi lórí WhatsApp pé mo ti ní kẹ̀kẹ́. Ha, wọ́n bú sórin! "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run o! Èló lò ń pa lójúmọ́?" Mo ní mọ́mì, kì í ṣe Márúwá, kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí téèyàn ń fẹsẹ̀ wà. Fóònù dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́kì ni. Ìgbà tó yá ni wọ́n rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nílé òkú: "Ọmọ mi, má fi pamọ́ fún mi, ṣé wọ́n ti lé ẹ níbi iṣẹ́ ni?"

Sátidé tó kọjá ni mo bá jáde. Mi ò wo máàpù, mo ní ibi tí táyà bá kọjú sí là ń lọ. Táyà kọjú sí ẹ̀yìn láíbìrì Peckham, ọ̀nà kan báyìí tó rí gbọọrọ, tí mo ti kọjá níwájú ẹ̀ bí ìgbà ẹgbẹ̀rún pẹ̀lú ìkánjú bọ́ọ̀sì. Àṣé odò ni tẹ́lẹ̀! Wọ́n gbẹ́ ẹ ni, ọkọ̀ ojú omi ń kó pákó gbabẹ̀, kí wọ́n tó dí i. Ó já sí Burgess Park, ni mo bá bá afárá kan níbẹ̀, afárá gidi, kò sí ẹ̀kán omi kan lábẹ́ ẹ̀. Koríko. Nílé, owó afárá ló máa ń pòórá, odò á ṣẹ́ kù. Níbí, afárá wà digbí, odò ló pòórá.

Àwọn kan wà tó ń gun kẹ̀kẹ́ nílùú yìí, ẹ máa rò pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ṣòkòtò mọ́ wọn nídìí, wọ́n á kọjá fìì. Èmi, ṣòkòtò àǹkárá ni mo wọ̀. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ọjà Deptford, ṣéènì bu etí ṣòkòtò mi jẹ, ó ń fà á wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu, mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan, mò ń fò, ọwọ́ mi dúdú fún gíríìsì. Ìyá kan tó ń ta iṣu rí mi. Kò bi mí bóyá Yorùbá ni mí, àǹkárá ti sọ. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀ọ̀dá. Ṣé kò sówó bọ́ọ̀sì ni?" Ó ti na kọ́ìnì sí mi. Láti 2014 bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù ò gba kéèṣì mọ́, ṣùgbọ́n mo gbà á o, mo tún dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

Ní Greenwich, odò Thames dé, ọ̀nà tán. Irọ́ ni, ọ̀nà wà lábẹ́ odò! Látọdún 1902 ni wọ́n ti ṣí i, káwọn òṣìṣẹ́ apá ọ̀dọ̀ wa lè máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ wọn ní èbúté òdìkejì, ó ju mítà 350 lọ, wọn ò sì gbà kéèyàn gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, títì ni mò ń tì í, odò odindi wà lórí mi, mò ń ka Sáàmù 23, ẹ̀kán omi kan wá bọ́ sí mi lọ́rùn, áà, mi ò parí Sáàmù yẹn, eré ni mo bá a sá.

Mo yọ lódìkejì, kò pẹ́, mo gbọ́ mẹ̀ẹ́ẹ̀. Mo ní etí mi ni. Mẹ̀ẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́! Pápá gbalasa kan ní Mudchute, ewúrẹ́, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, lẹ́yìn wọn gangan ni àwọn ilé gogoro Canary Wharf wà. Ọdún 4 ni mo fi fọ ọ́fíìsì nínú ọ̀kan nínú wọn. Bọ́ọ̀sì òru méjì ni mò ń wọ̀, mò ń forí sun wíńdò, lọ́kàn mi ibẹ̀ jìnnà bí Ṣàgámù sí Èkó. Kẹ̀kẹ́ ò lò tó wákàtí kan, tòun ti ṣòkòtò tó ya. Bẹ́ẹ̀ ewúrẹ́ ń jẹ̀ níbẹ̀ ní gbogbo ọdún 4 yẹn, ẹnì kankan ò sọ fún mi.

Mo pe mọ́mì pẹ̀lú fídíò kíákíá. Mo yí fóònù sí ewúrẹ́, mo yí i sí kẹ̀kẹ́, mo yí i sí ara mi, ọwọ́ dúdú, ṣòkòtò ya. Mọ́mì wò ó títí. Wọ́n yíjú sẹ́yìn, mo kàn gbọ́ ohùn wọn ni:

"Bàbá Kúnlé, ẹ máa bọ̀ o. Wọ́n ti lé e lóòótọ́. Ewúrẹ́ ló ń dà."