Asẹ́ tó ń mu omi ló ń lé epo sẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé asẹ́ tí a fi igi tàbí òwú ṣe kò lè ya epo kúrò lára omi. Wọ́n ní yóò rin gbingbin, yóò sì bàjẹ́, pé ike tí omi kì í wọ̀ nìkan ló lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Epo tó léfòó kò le, a lè gbọ́n ọn kúrò lójú omi. Èyí tó le ni ẹ̀kán wínníwínní tó ti fọ́n ká sínú omi, tí ìbú rẹ̀ kò tó 20 màíkírómítà (ẹgbẹ̀rún màíkírómítà ló wà nínú mílímítà kan). Ẹ̀kán tó bá fi ìlọ́po 10 kéré sí òmíràn, ìlọ́po 100 ni yóò fi lọ́ra jù ú lọ kó tó gòkè. Bí ọṣẹ bá tún wà nínú omi náà, àwọn ẹ̀kán yìí kì í fẹ́ para pọ̀. Àfi asẹ́ tí ihò rẹ̀ kò ṣeé fojú rí.

Ibẹ̀ gan-an ni ike tó kórìíra omi ti ń kùnà, torí ohun tó bá kórìíra omi sábà máa ń fẹ́ràn epo. Epo á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì dí i pa.

Sẹ́lúlóòsì, tí igi àti òwú fi dúró, ń fa omi mọ́ra láìyọ́ sínú rẹ̀; bí ó bá ń yọ́ ni, òjò ì bá ti yọ́ gbogbo igi inú igbó. Tí omi bá ti kún ihò asẹ́ rẹ̀, epo kò ní rí ojú ibi tí yóò lẹ̀ mọ́. Omi tí wọ́n ní yóò bà á jẹ́ yẹn ni ààbò rẹ̀. Lọ́dún 2009, Lei Jiang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣáínà ṣàlàyé pé ohun tí ìpẹ́ ẹja ń ṣe nìyẹn: ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, ó di omi mú, epo kò sì lè dì mọ́ ọn lábẹ́ omi.

Àmọ́ ẹ fi omi rin asẹ́ náà kí epo tó kàn án. Bí epo bá kọ́kọ́ dé orí òwú gbígbẹ, yóò mu ún. Mo gbà pé ibẹ̀ ni èrò òdì yìí ti wá.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ń ṣe asẹ́ ike. Láti yọ́ PVDF, irú ike kan tí wọ́n fi ń ṣe asẹ́, wọ́n sábà máa ń lo NMP, kẹ́míkà tó léwu fún ọmọ inú oyún, tí òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń dín bó ṣe ń kan òṣìṣẹ́ kù láti 2020. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi kẹ́míkà onífúlórínì tí kì í jẹrà kun aṣọ òwú kó lè kórìíra omi, wọ́n á wá máa pè é ní ọ̀rẹ́ àyíká. Kò yẹ kí a gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ohun àdáyébá náà ní ààlà tirẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí ń jẹ sẹ́lúlóòsì bí ó bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, chitosan, ohun àdáyébá mìíràn tí a lè fi ṣe asẹ́, tí a ń rí láti inú èèpo edé, sì ń yọ́ nínú omi kíkan, àfi tí a bá so okùn inú rẹ̀ pọ̀ kó le.