Tọkọtaya tó fẹ́ kó ọmọ jápa sí Ìlú Ọba, ẹ gbọ́ èyí ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ilẹ̀ ta mọ́tò nítorí físà, mi ò ní kẹ́ ẹ má wá. Ṣùgbọ́n bí àárín ẹ̀yin méjèèjì ò bá gún nílé, ọkọ̀ òfurufú ò ní bá yín tún un ṣe. Owó ilé àti iṣẹ́ alẹ́ á tún dá kún un. Bó bá wá tú ká, ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà jù.

Nílé, bí ìjà bá le, ẹbí á pè yín jókòó. Bàbá á ní òun ló lọmọ, ìyá rẹ̀ á sì wá kó wọn lọ sí Ìbàdàn. Ẹ má gbé ìyẹn wá sí England o. Òfin ọmọdé ti ọdún 1989 ní ire ọmọ ni kí adájọ́ wò ju ohunkóhun lọ. Ẹni tó san owó orí ìyàwó, ẹni tó jẹ́ olórí ilé, ìyẹn ò kàn án. Wọ́n tiẹ̀ lè ní kí òṣìṣẹ́ Cafcass, àjọ tó ń gbẹnu sọ fún ọmọ ní kọ́ọ̀tù, lọ bi ọmọ léèrè ohun tó fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ yẹn kan náà tẹ́ ẹ ní kó má dá sọ́rọ̀ àgbà.

Bí o bá gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kúrò nílùú yìí, tí òbí kejì tó lẹ́tọ̀ọ́ lórí rẹ̀ ò gbà, tí kọ́ọ̀tù ò sì fọwọ́ sí i, ọ̀daràn ni ọ́. Òfin jíjí ọmọ gbé ti ọdún 1984 ni, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 7. Ẹni tí kọ́ọ̀tù ti pàṣẹ pé kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lè mú un rìnrìn àjò tí kò tó oṣù kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Mo ní kó lọ kí Màmá ni" kì í ṣe àlàyé tí ọlọ́pàá máa gbà.

Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ò fẹ́ ìyá ọmọ lábẹ́ òfin, ẹ rí i pé orúkọ yín wọ ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ tẹ́ ẹ bí síbí. Bí ò bá sí níbẹ̀, àfi kí ìyá ọmọ bá yín tọwọ́ bọ̀wé, tàbí kí kọ́ọ̀tù fún yín lẹ́tọ̀ọ́. Àwọn bàbá kan á náwó rẹpẹtẹ sórí ìsọmọlórúkọ, wọn ò ní bá ìyá ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀!

Ìdána tẹ́ ẹ ṣe nínú gbọ̀ngàn ní London, tòun ti alága ìdúró àti aṣọ òkè, kì í ṣe ìgbéyàwó lójú òfin bẹ́ ò bá ṣe èyí tófin mọ̀, bíi ti registry. Bẹ́ ẹ bá pín yà, obìnrin ò lè fi ẹ̀tọ́ ìyàwó béèrè ìpín nínú ilé tó wà lórúkọ ọkùnrin. Èyí tẹ́ ẹ ṣe ní Nàìjíríà, tó bófin ibẹ̀ mu, yàtọ̀.

Owó ìtọ́jú ọmọ ńkọ́? Wọ́n lè yọ ọ́ látinú owó oṣù. Pé wọn ò jẹ́ kó o rí ọmọ ò ní kó o má san án. Pé òbí kejì ò sanwó ò sì ní kó o fi ọmọ pa mọ́ fún un.

Ẹni tó wá lórí físà ẹnì kejì ló yẹ kó la ojú jù. Bí ìgbéyàwó bá tú, Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní físà, lè gé físà rẹ̀ kù sí ọjọ́ 60. Àwọn kan ti sọ èyí di pàṣán: "Màá ní kí wọ́n dá ẹ padà." Irọ́ ni, kì í ṣe òun ló ń fúnni ní físà. Bí ẹnì kejì rẹ bá ń lù ọ́ tàbí tó ń fìyà jẹ ọ́, látọdún 2024, bó tiẹ̀ jẹ́ físà iṣẹ́ tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lórí rẹ̀, o lè tọrọ àyè oṣù mẹ́ta láti dúró lórúkọ ara rẹ. Kó o tó wọ bàálù, ní àkáǹtì tìrẹ, kí pásípọ́ọ̀tù rẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbí àwọn ọmọ.