Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n tó fún wa ní ìràwọ̀ méjì kó tó forúkọ sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àìsùn. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ nípa wa tán. Ẹ ní ẹ pe àwa tí à ń kọ́ni ní ìbọn yíyìn nítorí kíláàsì ìbọn ìléwọ́, torí pé òru lẹ máa ń ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yín ní Medical Center bọ̀, ọkàn yín kì í sì í balẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ ní kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín la ti ń bèèrè ìwé ìgbélùú bí ẹni pé òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ni wá, pé a ní àbúrò yín tó wá kí yín láti Ìbàdàn kò lè yìnbọn, pé mi ò ṣe ṣọ́jà rí, mi ò sì ṣe ọlọ́pàá rí, pé mo kọ̀ láti fún yín ní orúkọ àwọn tí mo ti kọ́. Ẹ tún ní ọkùnrin kan wà ní Houston yìí kan náà tó ti ṣe ṣọ́jà, tí èrò tó ń tẹ̀lé e lórí Instagram kò lóǹkà, tí owó rẹ̀ kéré sí tiwa, tó sì máa ń parí kíláàsì ní wákàtí méjì. Ẹ wá bèèrè pé kí ni kí ẹ wá fi mọ̀ pé àwa ló yẹ kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mi ò ní bẹ̀ yín kí ẹ yọ ìràwọ̀ méjì yẹn kúrò. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ọ̀pọ̀ ló sì ń sanwó fún olùkọ́ ìbọn láìbèèrè ohunkóhun yàtọ̀ sí iye tó ń gbà. Màá dá yín lóhùn ní gbangba kí ẹlòmíràn tó ń wá olùkọ́ lè rí i kà. Ohun tó dá mi lójú nínú iṣẹ́ yìí ni pé ohun tí olùkọ́ ìbọn bá kọ̀ láti ṣe ló ń fi irú ẹni tó jẹ́ hàn. Ohun tó ń ṣe níwájú kámẹ́rà, ta ni kò lè ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìwé ìgbélùú bẹ̀rẹ̀, torí òun ló bí yín nínú jù. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, 18 U.S.C. 922(g), sọ pé ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀, bíi ti àbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta ìbọn níkàáwọ́. Kì í ṣe rírà nìkan ni òfin ń sọ o. Kó gbé e lọ́wọ́ ní pápá ìyìnbọn fún ìṣẹ́jú péréte lè kó o sí wàhálà. Àwọn tí òfin yọ sílẹ̀ wà, èyí táwọn èèyàn mọ̀ jù ni ẹni tó bá ní ìwé-àṣẹ ìṣọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ yìí fún un, ẹ sì sọ fún mi lórí fóònù pé àbúrò yín kò ní i. Láti 2022, ìjìyà ẹ̀sùn yìí lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 15, ẹjọ́ ìbọn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń lé àlejò padà sílé. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìbọn náà kò bọ́. Ẹni tó ní green card kò sí lábẹ́ ìdè yìí, ká má tiẹ̀ wá sọ ti ọmọ onílẹ̀. Ìdí tí a fi ń bi gbogbo èèyàn nìyẹn, àtòyìnbó, àtọmọ Mẹ́síkò, àtọmọ Ìjẹ̀bú. A kì í ya ẹ̀dà ìwé yín pamọ́, a kàn ń wò ó ni, a ó sì dá a padà sí yín lọ́wọ́.

Ó máa ń dùn mí dọ́kàn bí mo bá rí ọmọ wa tó wá kàwé níbí, tó gbé fọ́tò ara rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn sórí WhatsApp lọ́jọ́ ìbí. Ẹ̀rí ló ń kó jọ sọ́rùn ara rẹ̀ yẹn, kò sì mọ̀. Ẹnì kan gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ìbọn fún un, ó tún bá a ya fọ́tò, kò sì bi í ní ẹyọ ìbéèrè kan. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá pe olùkọ́ kan tó ní kí ẹ máa mú àbúrò yín bọ̀, kò séwu, ẹ ti mọ èyí tó pọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn.

Ní ti iṣẹ́ ṣọ́jà, mi ò mọ ọkùnrin tí ẹ sọ, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Iṣẹ́ iyì ni iṣẹ́ ológun. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ ìbọn yìn, ọ̀tọ̀ ni kó mọ bí a ṣe ń kọ́ ìyá ọlọ́mọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ní oṣù April 2004, ní Orlando ní Florida, òṣìṣẹ́ DEA kan, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti oògùn olóró, dúró níwájú àwọn ọmọdé àtàwọn òbí wọn, ó ń kìlọ̀ fún wọn nípa ewu ìbọn. Ó ní nínú gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá yẹn, òun nìkan lòun mọṣẹ́ débi tí òun fi lè mú ìbọn náà dání. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tutù lẹ́nu rẹ̀ tí ìbọn fi dún. Ó ti yin ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Fídíò rẹ̀ ṣì wà káàkiri di òní.

Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ní òun sin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ ní kó fi DD-214 rẹ̀ hàn yín, ìwé tí wọ́n ń fún ẹni tó bá fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Ẹni tó sìn lóòótọ́ kò ní bínú, á kàn bo ohun tó jẹ́ àṣírí rẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó bá ní iṣẹ́ òun jẹ́ iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ débi pé kò sí ìwé kankan, ẹ dágbére fún un. Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ látọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ oníbọn bíi NRA tàbí USCCA dára, èmi náà ní tèmi lára ògiri, àmọ́ ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń gbà á. Ẹnu ọ̀nà ni. Ẹni tó bá máa kọ́ yín fún LTC, ìyẹn ìwé-àṣẹ Texas láti máa gbé ìbọn ìléwọ́ kiri, gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ DPS, àjọ ìjọba Texas tó ń rí sí ààbò ìlú, ìwé yẹn sì máa ń ní ọjọ́ tó máa parí. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òun náà.

Wákàtí méjì tí ẹ ń sọ yẹn ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ kíláàsì LTC lójúkojú ni, òfin Texas sọ pé apá inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 4, kò sì gbọdọ̀ ju 6 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn la ó tó lọ sí pápá: ọta 50, 20 láti yáàdì 3, 20 láti yáàdì 7, 10 láti yáàdì 15, ẹni tó bá sì gba máàkì 175 nínú 250 ló yege. Àfi bí ẹ bá ti ṣe apá ẹ̀kọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí, ẹni tó bá ní òun ń parí gbogbo rẹ̀ ní wákàtí méjì ti gé ohun kan sọnù. Ohun tí wọ́n sì máa ń gé ni èyí tí kò ṣeé ya fídíò: ìgbà tí òfin gbà kí ẹ lo ìbọn sí ènìyàn àti ìgbà tí kò gbà, bí ẹ ṣe lè pa ìjà láìlo ìbọn, àti bí a ṣe ń ti ìbọn mọ́ kí ọwọ́ ọmọdé má tó o. Ẹ ní ẹ ní ọmọ nílé. Ní Texas, bí ẹ bá fi ìbọn tó ní ọta nínú síbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ti lè mú un, ẹ̀yin ni òfin máa bi. Mo máa ń pẹ́ lórí ẹ̀kọ́ yìí ju yíyìn gan-an lọ, mo sì mọ̀ pé ó ń sú àwọn kan. Láti 1 September 2021, ẹni tó ti pé ọdún 21 tí òfin kò dè lọ́wọ́ lè gbé ìbọn ìléwọ́ ní Texas láìní ìwé-àṣẹ rárá. Ẹni tó bá wá jókòó lọ́dọ̀ mi báyìí, kò sẹ́ni tó fipá mú un. Ìmọ̀ ló wá rà, mi ò sì lè ta ìdajì rẹ̀ fún un.

Ti Instagram: bí a bá fẹ́ fọmọ fọ́kọ, ará àdúgbò la máa ń bi léèrè, a kì í bi ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀. Ojú ìwé Instagram, ẹnu ọkọ ìyàwó ni. Ẹ wò ó síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ẹ wo bóyá oníkámẹ́rà dúró níwájú ẹnu ìbọn nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yìn. Ẹ wo bóyá wọ́n gbé ìbọn ńlá fún obìnrin tí kò gbé ìbọn rí, tó ta á nípàá, tó gbá a níwájú orí, tí gbogbo wọn wá ń rẹ́rìn-ín. Ní August 2014, ní pápá kan ní White Hills ní Arizona, wọ́n fún ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 kan ní Uzi, irú ìbọn tó lè máa yìn léraléra, tí wọ́n ti ṣí sí ìyìn-àìdáwọ́-dúró. Ìbọn náà borí ọwọ́ ọmọ náà, ọta sì bá olùkọ́ tó dúró tì í lórí, ó kú. Bàbá ọlọ́mọ ni, òun náà sì ti ṣe ṣọ́jà rí. Ọmọ náà kò jẹ̀bi nǹkan kan. Ẹnì kan ló yẹ kó ti kọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ìbọn .22 kékeré lẹ máa kọ́kọ́ mú, ọta kan ṣoṣo la ó sì fi sínú rẹ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n lára.

Orúkọ àwọn tí mo ti kọ́, mi ò ní fún yín o, ẹ má bínú. Àwọn obìnrin wà láàárín wọn tí ọkọ àtijọ́ ń dọdẹ wọn. Bí mo bá lè ka orúkọ wọn fún yín lónìí, màá lè ka tiyín fún ẹlòmíràn lọ́la. Ohun tí mo lè ṣe ju ìyẹn lọ ni pé kí ẹ wá wo iṣẹ́ lójú yín, lọ́fẹ̀ẹ́. Olùkọ́ tí kò bá jẹ́ kí ẹ wá jókòó wo kíláàsì rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, mi ò mọ ohun tó ń fi pamọ́.

Bí ẹ bá wá, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́. Kíláàsì kan kì í lọ kí ìbọn má há mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́. Yóò fà á, kò ní dún. Ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ wo ìbọn, lẹ́yìn náà, láìronú, á yí gbogbo ara rẹ̀ padà sí olùkọ́ láti sọ pé, “Ẹ wò ó, kò ṣiṣẹ́ mọ́,” ẹnu ìbọn á sì máa bá a yí bọ̀ lára gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà, ìka rẹ̀ ṣì wà lórí tírígà. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti wo olùkọ́. Ṣé ẹ̀yìn tábìlì ló wà tó ń tẹ fóònù, ni, tàbí ó ti wà léjìká akẹ́kọ̀ọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ti dé ọrùn-ọwọ́ onítọ̀hún kí ẹnu ìbọn tó kúrò níwájú? Ṣé ó bú u, tó dójú tì í lójú gbogbo èèyàn, ni, tàbí ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, “Ẹ jẹ́ kó máa wo iwájú, ẹ yọ ìka. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó”? Lórí ìlà tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló wà fún olùkọ́ kan, torí pé ọwọ́ méjì péré lèèyàn ní. Ẹ tún wò ó bóyá ó ti gbàṣẹ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ìyìnbọn tó bẹ̀rẹ̀ pé òun lè fọwọ́ kàn án, pàápàá obìnrin.

Kí ẹ tó jáde, ẹ bi olùkọ́ náà pé: “Bí ọta bá ba ẹnì kan níbí nísinsìnyí, kí lẹ máa ṣe?” Nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ ó mọ̀ bóyá ìdáhùn náà mọ́gbọ́n wá. Tiwa wà lára pátákó: ẹni tó máa pe 911, àdírẹ́sì pápá náà ní lẹ́tà gàdàgbà kí ẹni tó ń pè má baà máa wá a, àpótí ìtọ́jú, àti táníkẹ́ẹ̀tì tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lápá tàbí lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin lẹ mọ ìyẹn jù mí lọ.

Kíláàsì wa máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Ẹ pè wá kí ẹ tó máa bọ̀ kí n lè fi àga sílẹ̀ fún yín. Bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ bá yín níbi iṣẹ́, ẹ lọ sùn, kí ẹ wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, torí a kì í jẹ́ kí ẹni tí oorun ń kùn sún mọ́ ìbọn. Àbúrò yín lè bá yín wá jókòó sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀, kò sáà ní fọwọ́ kan ìbọn tàbí ọta. Ẹ má gbé ìbọn kankan wá. Ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, àti ẹ̀wù tó bo ọrùn dáadáa, torí pé kòròfo ọta tó ń ta jáde látinú ìbọn máa ń gbóná gan-an. Ìbòtí àti awò ojú wà lọ́dọ̀ wa.